Bóòtù Tí Gbogbo Ilé Fi Àdúà Dè

Nígbà tí ọ̀dọ́ ṣì ń bẹ lára mi, tí mo lè dá gbé gíábọ́ọ̀sì lé èjìká… dúró ná. Sùkúrá, ṣé fóònù yìí ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó ti ń gbà á? Ó dáa. Kí n má lọ máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ o.

Ní ìgbà yẹn, mẹkáníìkì ò pọ̀ ní Ẹdẹ. Tòní kọ́ là ń sọ yìí. Lónìí, sọ òkúta sójú títì, tí kò bá ba ọlọ́kadà, á ba mẹkáníìkì, tí kò bá ba mẹkáníìkì, á ba ọmọ Pólì. Nígbà tiwa, wọ́n á gbọ́ pé mẹkáníìkì kan wà níbì kan, wọ́n á máa béèrè ọ̀nà ibẹ̀ kiri bí ẹni ń béèrè ilé oníṣègùn. Ìbàdàn ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ tèmi. Ọ̀gá mi níbẹ̀, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, ọkùnrin kúkúrú kan báyìí ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá ń de bóòtù, tí a wá ń fi agbára hàn, tí a ń mí hẹlẹ, wọ́n á ní, “Bóòtù ò mọ̀ pé o lágbára o. Ibi tó bá ti tó, ó tó.” A ó máa rẹ́rìn-ín. Kí lọmọdé mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí o bi mí lẹ́ẹ̀kan ni mo ń dáhùn bọ̀ yìí. O ní kí ló dé tó jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí a bá ti ṣe mọ́tò tán, ẹni tó ni mọ́tò ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípánà. O ní àwọn oníbàárà ń sọ pé agídí ni. Kì í ṣe agídí, ọmọ mi. Ẹ sún mọ́bí, gbogbo yín.

Àṣà kan wà láyé ìgbà náà. Tí a bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí a tún un tò padà, bóòtù tó bá kẹ́yìn, àwa mẹkáníìkì kì í dè é tán. Olówó orí mọ́tò la máa ń pè. Á gba sípánà, á ní “Bísímílà,” á fà á díẹ̀. Á ní, mọ́tò yìí ò ní í pa mí, kò ní í pa èrò inú mi, ó máa lọ, ó máa bọ̀. Àwa tó dúró á ṣe àmín. Ó parí nìyẹn. Ṣé ìyẹn burú? Kò burú. Mi ò bú àṣà yẹn o, ẹ má lọ sọ pé Bàbá bú àṣà. Ẹni tó bá ra mọ́tò nígbà yẹn, gbogbo agboolé ló ra mọ́tò. Ẹ ò lè ní kí wọ́n má fàdúà sí i.

Ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Bàbá Láísì. Ìmàle ni wọ́n, agboolé ńlá ni wọ́n ti wá, láàárín ìlú gan-an. Wọ́n ní Píjó kan, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọjà ìlú Ara ni wọ́n máa ń ná. Wọ́n á kó iṣu láti Ara wá sí Ẹdẹ, wọ́n á kó àwọn tó ni iṣu jókòó lórí iṣu. Òun ló ń bọ́ gbogbo ilé wọn. Ìyá wọn wà láyé, ẹ̀gbọ́n wọn wà láyé, òun ni Mọ́gàjí agboolé náà. Ẹni tó bá rí Píjó yẹn tó ń gba títì kọjá, á mọ̀ pé ilé Mọ́gàjí á jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda dé láti Ìbàdàn ni. Abẹ́ igi máńgòrò ni ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí páànù, kò sí nǹkan kan. Bàbá mi ò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Àlájùé, àgbẹ̀ ni bàbá wọn, wọ́n ní wọn ò tíì rí ẹni tí epo dúdú sọ di ẹni pàtàkì. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi wá sọ fún mi pé, “Lọ ṣe é wò. Lọ́jọ́ tí o bá ba nǹkan olóhun jẹ́, ọkọ́ rẹ wà lájà.” Kì í ṣe ìhàlẹ̀ o. Bàbá mi kì í halẹ̀ mọ́ èèyàn. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́, wọ́n ti sọ ọ́ nìyẹn.

Ìgbà tí Bàbá Láísì gbé mọ́tò wọn wá sọ́dọ̀ mi, inú mi dùn títí. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo máa dá ṣe nìyẹn. Mọ́tò náà ń hó. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà Ara, á ti máa yọ èéfín funfun, omi ti ń wọ inú epo, epo wá dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n po dà. Mo ṣí i. Orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí à ń pè ní tọ́ọ̀pù, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìtẹ́ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló ti jó. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń nu àwọn ihò bóòtù tó wà lára búlọ́ọ̀kù, irin ńlá tí tọ́ọ̀pù jókòó lé, mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn, èyí tó wà ní igun ẹ̀yìn, omi ti ń dúró sínú rẹ̀ ó ti pẹ́. Ó ti dípẹtà. Mo fi kẹrosínì fọ̀ ọ́, mo sì sọ fún Bàbá Láísì. Mo ní, “Ẹ wo ihò yìí sà, omi ti jẹ ẹ́, ká rọra ṣe é o.” Wọ́n ní ó dáa, àwọn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ nǹkan nípa iṣẹ́ wa. Inú ihò bóòtù kì í dán. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ló yí i ká nínú, bí ìgbín ṣe ní ìlà lára. A ń pè é ní tíréèdì. Bóòtù náà ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì á wá gbá ara wọn mú. Ìyẹn ló ń de irin mọ́ irin. Ọjọ́ tí tíréèdì ara ihò bá bó dànù, bóòtù á kàn máa yí lófo ni. Á máa yí, á máa yí, kò ní í di nǹkan kan mú. Tó bá sì jẹ́ pé ara búlọ́ọ̀kù ló ti bó, ẹ gbọ́, búlọ́ọ̀kù ni ìpìlẹ̀ ẹ́ńjìnnì o. A kì í yọ ìpìlẹ̀ ilé pààrọ̀.

Láti àárín la ti máa ń de tọ́ọ̀pù lọ sí igun. Igun ló ń kẹ́yìn. Ẹ ti rí i báyìí. Ihò tí omi jẹ, òun gan-an ni bóòtù ìkẹyìn bọ́ sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti de gbogbo rẹ̀, mo rọra de ti igun yẹn títí ó fi fẹ́ẹ̀ dé ibi tí mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá, mo fi bíńtín sílẹ̀ fún àdúà. Mo rò pé Bàbá Láísì nìkan ló ń bọ̀. Kí ni mo rí? Gbogbo ilé ni! Wọ́n ti kí Jímọ̀ tán, aṣọ funfun ló kún abẹ́ igi máńgòrò mi. Bàbá Láísì wà níbẹ̀. Ìyá wọn àgbà wà níbẹ̀, tó jẹ́ oníṣàngó ní tiẹ̀, nítorí ìyá ò bá àwọn ọmọ wọ mọ́ṣáláṣí, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i. Mọ́gàjí fúnra wọn wà níbẹ̀, wọ́n wọ agbádá, wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin.

Bàbá Láísì gba sípánà, wọ́n fà á wẹ́rẹ́, wọ́n ṣàdúà. Àmín. Ìyá àgbà ní òun náà á fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé e ni, wọ́n ní Olúkòso ò ní í jẹ́ kí iná ràn án. Àmín, Ìmàle ló ṣe é o, gbogbo wa la ṣe é. Ó yẹ kó parí síbẹ̀.

Mọ́gàjí bá ká ọwọ́ agbádá. Hmm. Ẹ ò mọ ọwọ́ Mọ́gàjí. Ọwọ́ tó ti ń kọ ebè láti kékeré, tí wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ darúgbó. Wọ́n gba sípánà, wọ́n ní “Bísímílà,” wọ́n fà á. Ó fún. Mo ní, “Ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run á gbà á.” Wọ́n ní àwọn ò tíì mẹ́nu ba àwọn ọmọ. Wọ́n fà á fún àwọn ọmọ. Àmín! Wọ́n fà á fún àwọn ìyàwó ilé. Àmín! Wọ́n fà á fún àwọn tó ń rìn lójú ọ̀nà Ara. Àmín! Ṣé èmi, ọmọ àná, ni màá gba sípánà lọ́wọ́ Mọ́gàjí? Ta ló bí mi? Lẹ́yìn náà wọ́n fà á fún ọlọ́jọ́ iwájú, àwọn tí a ò tíì bí, sípánà sì ṣàdédé fúyẹ́.

Mo rí i. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, kò nílò kí wọ́n sọ fún un. Mọ́gàjí ṣì ń yí i. Wọ́n ní, “Ẹ ò rí i, ó ń wọlé. Ó ṣì ń wọlé.” Gbogbo ilé ní àmín.

Kò wọlé síbì kankan. Ó ń yí lófo ni.

Nígbà tí mo fà á yọ, ẹ̀rún irin dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Gbogbo tíréèdì ihò yẹn ló bá a jáde. Mo sọ fún wọn. Ṣé mo lè parọ́ ni? Mọ́gàjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní irin wo ni kò lè gba àdúà? Wọ́n ní àfi kí ẹni tó tò ó má tò ó dáadáa, wọ́n sì gbá agbádá wọn mọ́ra, wọ́n ń lọ sílé. Àwọn tó tẹ̀lé wọn wá tẹ̀lé wọn lọ. Bàbá Láísì nìkan ló kù. Wọ́n jókòó lórí gbòǹgbò igi, wọ́n ní, “Ṣé ó ti tán nìyẹn?”

Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní kò sí ibi tí a ti lè rí búlọ́ọ̀kù mìíràn ní Ẹdẹ, kò sí ní Òṣogbo, àfi ká wá odidi ẹ́ńjìnnì. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ìyẹn ò ṣeé ṣe. Wọ́n dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹ wò ó, bí búlọ́ọ̀kù yẹn bá lọ, Bàbá Láísì ti di ẹlẹ́sẹ̀, èmi náà ti di àgbẹ̀. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Ẹdẹ ò tóbi nígbà yẹn. Bàbá mi ò bú mi o. Wọ́n kàn gbójú sókè wo àjà.

Lónìí ńkọ́? Lónìí, nǹkan tó bẹ́ẹ̀ ò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Ẹ bi bàbá Sùkúrá, ọmọ mi tí mo fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Wáyà kan báyìí ni wọ́n ń lò, wọ́n ti ká a jọ bíi sípíríìngì. Wọ́n á gbẹ́ ihò náà fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yí wáyà sínú rẹ̀, ó ti di tíréèdì tuntun, ó tilẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sípánà wà báyìí tó jẹ́ pé, tí bóòtù bá ti fún tó, á dún kẹ́, á sọ fún ẹ pé dúró. Mo fẹ́ràn sípánà yẹn gan-an. Kò mọ Mọ́gàjí, kò mọ ọba. Kò sí irú ẹ̀ nígbà tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo rántí pé ọ̀gá mi ní Ìbàdàn tún irú ẹ̀ ṣe rí. Ojú mi rí i, ọwọ́ mi ò ṣe é. Wọ́n gbẹ́ ihò tó bàjẹ́ náà fẹ̀, wọ́n gé tíréèdì tuntun sí i, wọ́n wá yí irin róbótó kan sínú rẹ̀, tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá. Bọ́ọ̀ṣì la máa ń pè é. Ó ní tíréèdì lóde tó fi gbá búlọ́ọ̀kù mú, ó ní tíréèdì nínú tí bóòtù á wọ̀. Mo lọ bá ọkùnrin tọ́nà kan, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ní Òṣogbo, ó bá mi gé e. Ó yá mi ní dírílì ọlọ́wọ́ àti irin tí a fi ń gé tíréèdì. Nígbà tí mo ń lọ, ó pè mí padà. Ó ní, “Tí o bá fi lè gbẹ́ ẹ wọ́, sàárè ẹ́ńjìnnì lo gbẹ́ yẹn o.”

Òótọ́ ni. Ọ̀nà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn. Irin tó wà láàárín wọn ò ju bí ìnípọn èékánná lọ. Tí dírílì bá fì sápá ibì kan, ó ti já sínú omi, kò sí àtúnṣe mọ́.

Mo tún tọ́ọ̀pù tú kúrò. Mo ki àkísà bọ gbogbo ojú sílíńdà kí ẹ̀rún má bàa bọ́ síbẹ̀. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn jíjìn ihò náà, mo so òwú mọ́ ara dírílì níbi tó gbọ́dọ̀ dé. Mo pa gíríìsì sí ẹnu dírílì kí ẹ̀rún irin lè máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá de bóòtù gígùn kan sínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kí n máa wò ó ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yí dírílì ò lè rí i bóyá ó tọ́. Ojú rẹ̀ ti sún mọ́ ọn jù. Mo ní kí Bàbá Láísì bá mi wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó tọ́, wọ́n tún ní kò tọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ju èmi lọ.

Ìyá wọn àgbà, tó bá wọn wá, ló ti ń wò wá láti òkèèrè. Òfì ni ìyá yẹn ń hun. Kíjìpá, lórí òfì tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá ni wọ́n ti ń wo òwú tó dúró lóòró. Wọ́n ti darúgbó, wọn ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ojú àgbà ń rí ọ̀ọ́kán. Wọ́n dúró síbẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n di ojú kan, wọ́n ní, “Ọmọ, irin rẹ ń wo ilé wa. Jẹ́ kó máa wo ọ̀run.”

Mo wo dírílì. Òótọ́ ni, ó ti tẹ̀ sápá ọ̀nà ilé wọn, díẹ̀ báyìí. Mo tún un ṣe. Wọ́n ní, “Ó dáa. Máa lọ.” Mo yí i. Wọ́n ní, “Dúró.” Mo dúró. Wọ́n yí sápá kejì, nítorí ohun tó tọ́ níwájú lè wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Máa lọ.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. N ó yí díẹ̀, n ó yọ ọ́, n ó nu ẹ̀rún, n ó pa gíríìsì mìíràn sí i. Oòrùn kúrò lórí wa, ó bọ́ sí ẹ̀yìn igi, ìyá ò jókòó. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ dírílì, mo máa ń tẹ ìka mi sí ìdí ihò. Ó gbẹ. Mo tún yí i. Ó gbẹ. Títí òwú tí mo so fi kan ojú búlọ́ọ̀kù, ó gbẹ.

Mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ológeere fẹ́ ẹ̀rún ibẹ̀ jáde. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ elérò tẹ̀yin yìí o, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń sọ. Mo gé tíréèdì. Ìyẹn gba sùúrù. A kì í yí irin tó ń gé e lọ tààrà, á dá sínú ihò. Lọ díẹ̀, bọ̀ díẹ̀. Lọ díẹ̀, bọ̀ díẹ̀. Mo wá yí bọ́ọ̀ṣì wọlé, mo lu etí rẹ̀ kó má lè jáde mọ́, mo fi fáìlì rá orí rẹ̀ kó bá ojú búlọ́ọ̀kù dọ́gba. Mo mú bóòtù, mo fi ìka lásán yí i síbẹ̀. Ó wọlé. Ó ń lọ mìnìjọ̀, kò mì, kò fì. Nígbà tó dé ìdí, mo fà á. Ó gbá a mú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé mo sunkún? Ta ló sunkún? Ojú mi ṣomi díẹ̀ ni, èéfín ni. Ìyá àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, àwọn ń lọ sílé.

Ẹ̀yin rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Ọ̀la rẹ̀, mo to gbogbo rẹ̀ padà. Mo dè é láti àárín lọ sí igun. Mo de ti igun yẹn fúnra mi, dé ibi tó tó, mi ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì yọ sípánà kúrò lórí rẹ̀ tí mo fi rí agbádá tó ń bọ̀. Bàbá Láísì ti sọ fún wọn nílé pé ó ti bọ́ sí i. Mọ́gàjí ló ṣíwájú, àwọn ará ilé tẹ̀lé wọn. Wọ́n dé, wọn ò dáhùn kíkí mi dáadáa. Wọ́n ká ọwọ́ agbádá. Wọ́n na ọwọ́. Wọ́n ní, “Gbé e wá.”

Ẹ̀yin ọmọ, mo wo Bàbá Láísì. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ni, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Mo mọ̀ pé tí mo bá gbé sípánà yẹn fún wọn, ó tán. Bọ́ọ̀ṣì yẹn ò ní í gba ọlọ́jọ́ iwájú. Tí mi ò bá sì gbé e fún wọn, ta ló tún máa gbé mọ́tò wá fún ọmọ tó ta ko Mọ́gàjí lójú gbogbo ará ilé wọn? Mo fa sípánà yọ, mo dì í mú sí àyà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú epo dúdú yẹn, èmi àti sípánà. Mo ní, “Mọ́gàjí, ẹ má bínú sí mi. Ó ti tó. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnu ni kí ẹ fi ṣe èyí tó kù.”

Mo dojú bolẹ̀, bàtà wọn nìkan ni mò ń rí. Bàtà yẹn ò kúrò níbẹ̀. Mo wá gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Dìde. Lọ́jọ́sí, o rò pé mi ò mọ̀ pé ó ti tó? Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń ṣe àmín. Níbo ni kí n ti dúró?”

Wọ́n tú ọwọ́ agbádá wọn sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ṣàdúà, kò gùn. A ṣe àmín, ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n ṣíná fún un.

A da omi sí i. Bàbá Láísì ṣíná. Ó wúkọ́, ó kú. Wọ́n tún ṣíná, ó wúkọ́, ó dìde. Mo wo igun ẹ̀yìn yẹn títí ojú fi fẹ́ẹ̀ yọ. Kò sí omi. Kò sí èéfín funfun. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Mo rí Mọ́gàjí tí wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú. Bóyá eṣinṣin ni, mi ò mọ̀. Bàbá Láísì ní àwọn ò ní í dé ilé, ọ̀nà Ara làwọn ń gbà lọ báyìí. Wọ́n lọ. Mi ò ṣiṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà, mo jókòó, mò ń wo ojú títì. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó kún fún iṣu, èrò jókòó lórí iṣu, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Ọkàn mi wálẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ara tù mí débi pé ebi tí mi ò mọ̀ pé ó ń pa mí láti òwúrọ̀, ìgbà náà ló pa mí.

Bàbá mi gbé ọkọ́ yẹn fún àbúrò mi. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀, mi ò béèrè. Bàbá Láísì lo mọ́tò yẹn títí tí ìpẹtà fi jẹ ara mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì yẹn ló kú gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnu la fi ń ṣàdúà.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Ìyá àgbà, Bàbá Láísì, Mọ́gàjí, bàbá mi. Èmi ni mo wá di àgbà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, Sùkúrá, má tíì pa á.

Ní bí ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ. Ẹ mọ̀ pé mi ò kí ń ṣiṣẹ́ mọ́. Mo rí sípánà nílẹ̀, ọwọ́ ń yún mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn fa ọ̀kan. Wọ́n yà fún mi. Wọ́n ní, “Ọ̀gá àgbà! Ẹ máa ṣe é sà!” Mo ń fà á, mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yìn mí. Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan bíi ti àtijọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Èmi ò mọ̀ pé ó ti ń pọ̀ jù. Bàbá rẹ jáde láti abẹ́ mọ́tò kejì. Ó wò mí. Ọkùnrin tó ti hu ewú, ó dọ̀bálẹ̀ nínú epo, ó ní, “Bàbá, ó ti tó sà.”

Wọ́n rò pé inú á bí mi. Inú á bí mi kẹ̀? Mo gbé sípánà lé e lọ́wọ́, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ara tù mí lọ́jọ́ yẹn, ó tù mí ju ọjọ́ tí Píjó ti Ara dé. Láti ìgbà tí mo ti ń darúgbó, ẹ̀rù kan ni mo ní tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: pé ẹ ó kàn máa ṣe àmín fún mi lọ báyìí ni, títí n ó fi fi ọwọ́ ara mi ba ohun tí mo kọ́ jẹ́.

Ayé ti yí padà, wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èmi ò mọ̀. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún wa. Ẹ máa dọ̀bálẹ̀, ẹ máa kúnlẹ̀, ó yẹ wá. Ṣùgbọ́n tó bá ti tó, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa.